Kí Ló Dé Tí Apá Gálásì Whirlpool Ò Fi Wé Mọ́ra?

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwòrán tó wà lójú ògiri yẹn, gálásì M51 ni (gálásì ni àìmọye ìràwọ̀ àti gáàsì tó kóra jọ sójú kan), orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ni Whirlpool. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ó rẹwà kẹ́ ẹ wá gbójú kúrò, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú apá méjì tó lọ́ yípo yẹn, ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo sì bá wá.

Ó jìnnà sí wa. Àwọn kan wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù 28 ọdún ìmọ́lẹ̀, àwọn míì ní 31. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan. Ìmọ́lẹ̀ máa ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdù kan ṣoṣo o, síbẹ̀ èyí tó wọ inú kámẹ́rà tó ya fọ́tò yìí ti gbéra níbẹ̀ nígbà tí ò tíì sí ọmọ èèyàn kankan láyé.

Charles Messier ló kọ́kọ́ rí i, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1773. Kọ́mẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìràwọ̀ onírù, ni bàbá yẹn ń wá kiri, gbogbo nǹkan tó bá ti rí bí ìkùukùu tó lè tàn án jẹ, ńṣe ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, M51 sì ni nọ́ńbà 51 nínú ìwé rẹ̀. Ó wá di 1845 kí Lord Rosse tó gbé tẹlisikóòpù ńlá kan dúró ní Birr, ní Ireland, dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.8, kò sí èyí tó tóbi tó o láyé nígbà yẹn, ìgbà yẹn lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé nǹkan yìí ní apá tó lọ́. Ọwọ́ ni Rosse fi yà á sórí pépà, tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò òde òní, ẹ máa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ṣì ń jọ mí lójú gan-an. Àmọ́ kò mọ̀ pé gálásì lòun ń wò, torí àríyànjiyàn bóyá inú gálásì tiwa nírú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ò parí títí di àwọn ọdún 1920, nígbà tí Edwin Hubble wọn bí Andromeda, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ míì, ṣe jìnnà tó, tó sì rí i pé ìta gálásì tiwa ló wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí apá. Àwọn ìràwọ̀ tó sún mọ́ àárín gálásì máa ń tètè yípo tán, àwọn tó wà létí máa ń pẹ́ gan-an kí wọ́n tó yípo ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ kan náà ló wà nínú apá yẹn látìbẹ̀rẹ̀, á ti wé mọ́ra tipẹ́, débi pé a ò ní rí apá kankan mọ́. Lọ́dún 1964, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, C. C. Lin àti Frank Shu, sọ pé ìgbì ni apá yẹn, ìyẹn ibi tí ìràwọ̀ àti gáàsì ti ń há mọ́ra. Ẹ wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀: mọ́tò tó wà níwájú á jáde, èyí tó wà lẹ́yìn á wọnú ẹ̀, síbẹ̀ súnkẹrẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bí ìràwọ̀ àti gáàsì ṣe ń wọnú apá tí wọ́n sì ń jáde nìyẹn.

Ẹ̀rí ẹ̀ wà nínú àwòrán. Ẹ wo etí inú apá yẹn, níbi tó ti tẹ̀, ilà dúdú wà níbẹ̀, eruku àti gáàsì tó kóra jọ ni, lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa rí àwọn ibi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ tuntun ti ń mú kí gáàsì háídírójìn tàn, kí àwọn ìràwọ̀ ńlá aláwọ̀ búlúù wá tẹ̀ lé e. Àwọn ìràwọ̀ ńlá yìí kì í pẹ́ láyé, mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ péré, wọn kì í tíì rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n bí wọn sí tí wọ́n á fi kú, ìdí nìyẹn tí apá fi máa ń mọ́lẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Irú ìràwọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ tó bú gbàmù níbẹ̀, àwa náà rí i láti ayé lọ́dún 1994, 2005 àti 2011.

Gálásì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? NGC 5195 ni, Pierre Méchain ló rí i lọ́dún 1781. Ẹ̀yìn M51 díẹ̀ ló wà, torí eruku apá yẹn gba iwájú ẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1972, Alar Toomre àti àbúrò ẹ̀ Juri fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, wọ́n sì fi hàn pé tí gálásì kan bá gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá, agbára òòfà ẹ̀, irú èyí tó ń fa nǹkan wálẹ̀, lè fa irú apá gígùn báyìí jáde.

Ibi tí wọn ò tíì fẹnu kò sí ni bóyá ìgbì inú M51 lè dá dúró fúnra ẹ̀ fọ́dún gbọọrọ, àbí gálásì kékeré yẹn ló ń rú u sókè. Tó bá jẹ́ bí Lin àti Shu ṣe sọ ọ́ pátápátá, ó yẹ kí ọjọ́ orí àwọn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ máa pọ̀ sí i létòlétò bẹ́ ẹ bá ṣe ń kúrò lára apá. Wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ nínú gálásì alápá míì, NGC 1566, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀ nínú M51. Èmi gbà pé ọwọ́ gálásì kékeré yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ M51 gan-an, àmọ́ a ò lè torí ìyẹn sọ pé bó ṣe rí fún gbogbo gálásì alápá nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà tí ò ní aládùúgbò kankan nítòsí.