Tí Wọ́n Bá Pè Yín sí Agbo Wicca

Ẹ káàbọ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ yín kan ní London tàbí Bristol sọ pé ẹ wá wo ètò Wicca, ìyẹn ẹ̀sìn àjẹ́ òde òní, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "kèfèrí" sílé o. Pagan ni àwọn wọ̀nyí ń pe ara wọn, wọn ò sì tijú ẹ̀.

Ẹ̀sìn Wicca ò tíì pẹ́ lójú ayé. Ọdún 1951 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òfin tó lòdì sí àjẹ́. Ní 1954, Gerald Gardner, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ẹ̀sìn náà di mímọ̀, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Kò sí póòpù, kò sí ìwé mímọ́ kan tó de gbogbo wọn. Ohun tó gbajúmọ̀ láàárín wọn ni pé kí kálukú ṣe bó ṣe wù ú, bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ohun téèyàn máa ṣe tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n láàárín ètò. Ẹni tó gbà yín lálejò ló ń pàṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti béèrè.

Ẹ tètè dé, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń wọ̀, ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí, àti ohun tó wà nínú ife tí wọ́n máa gbé yíká. Wáìnì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ kì í bá mu ọtí, tàbí tí ọ̀fìnkìn ń ṣe yín, ẹ kàn gbé ife náà sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e fún ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pagbo. Olórí ètò á mú ọ̀bẹ tàbí ọ̀pá, á rìn yí gbogbo yín ká. Látìgbà yẹn, agbo ti di ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì. Tẹ́ ẹ bá ṣàdédé jáde, lójú wọn, ẹ ti fọ́ ògiri ilé náà. Ẹ ṣẹ́wọ́ sí ẹni tó ń ran olórí lọ́wọ́. Á fi ọ̀bẹ gé ìlẹ̀kùn sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀yin á gba ibẹ̀ kọjá, òun á sì tì í padà. Ẹni tó pẹ́ dé náà á dúró níta títí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn fún un.

Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kẹ́ ẹ máa rìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń lọ lójú ọ̀run wọn. Òdì rẹ̀ wà fún títú nǹkan ká. Àlejò tó bá yíjú padà lọ mú báàgì lè máa tú ohun tí wọ́n ń kọ́ láìmọ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí pẹpẹ, pàápàá ọ̀bẹ olójú méjì tí wọ́n ń pè ní athame. Ẹni tó ni ín nìkan ló ń dì í mú. Òun náà gbọ́dọ̀ dì í sínú báàgì lọ, kó sì dì í bọ̀: òfin Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba ọ̀bẹ nítorí ẹ̀sìn, kì í ṣe fún fífi rìn kiri ọjà.

Èyí tó wúwo jù ni orúkọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo orúkọ mìíràn nínú agbo, torí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ tàbí àwọn ẹbí ò mọ̀ pé Pagan ni wọ́n. Àwòrán kan ṣoṣo lórí Facebook lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó sì lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ lórí ọmọ. Kí fóònù wà ní pípa. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹnì kan láti inú agbo ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí i, ẹ má sọ ibi tẹ́ ẹ ti mọra. Ọmọ awo ò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Tí olùkọ́ kan bá ní owó tàbí ìbálòpọ̀ ni ọ̀nà àtigba ìmúwọlé sínú ẹ̀sìn náà, ẹ kúrò níbẹ̀. Ìlà Gardner kì í gbowó ìmúwọlé rárá.

Ojúbọ àtijọ́ ńkọ́? Ní ibojì olókùúta West Kennet, nítòsí Avebury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ooru àti èéfín àbẹ́là kéékèèké ti ba òkúta tó ti wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún lọ jẹ́. Iyọ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ ń pa koríko; rìbọ́ọ̀nù ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ igi kì í jẹrà, bí ẹ̀ka igi bá sì ṣe ń sanra ló ń fún un lọ́rùn. Ní Stonehenge, agbo òkúta àtijọ́, lóru ìgbà tí ọ̀sán gùn jù lọ lọ́dún nínú June, ẹ kò gbọdọ̀ gbé ọtí wọlé, ẹ kò gbọdọ̀ tanná àbẹ́là, ẹ kò sì gbọdọ̀ gun òkúta.

Tí wọ́n bá parí, ẹ dúró kí olórí kéde pé agbo ti ṣí kẹ́ ẹ tó mú fóònù. Oúnjẹ sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ gbé nǹkan dání.