Ta Ló Ń Tọ́jú Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Irinṣẹ́ Open Source àti Lílò Wọn

Ẹ kú ìjókòó o. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: èwo ló dára jù? Ṣé Vim ni àbí Emacs, àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ kóòdù? Ṣé Debian ni kí n gbé sórí kọ̀ǹpútà mi àbí Fedora, oríṣi Linux méjèèjì? N kì í tètè dáhùn. Èmi náà á bi wọ́n padà pé, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ mú yìí, ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí nípa irinṣẹ́ open source, ìyẹn sọ́fítíwià tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba tí ẹnikẹ́ni lè lò kó sì tún ṣe, torí ó ti yọ mí nínú wàhálà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí xz bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux ló ní i lórí ẹ̀rọ láìmọ̀, torí sọ́fítíwià míì ló fà á wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀, kò sì gba owó lé e. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan yọjú, ó ń bá a tún kóòdù ṣe, ó lé ní ọdún méjì tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ yá. Bí wọ́n ṣe fọkàn tán an nìyẹn, tí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 2024, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde, ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sì wà nínú wọn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè gbà wọ sáfà onísáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn) láti ara SSH, irinṣẹ́ tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Fáìlì kékeré tó ń jí ilẹ̀kùn yẹn ṣí kò sí nínú kóòdù tí gbogbo ayé lè wò ní Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù àti ìtàn àtúnṣe rẹ̀. Inú tarball, ìyẹn àpò tí wọ́n di ẹ̀dà tuntun sí, ni wọ́n fi í pa mọ́ sí. Àwọn kan máa ń sọ pé kò séwu nínú open source, torí pé ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn rárá. Àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní Heartbleed wọ inú OpenSSL ní 2012, ọdún 2014 ni wọ́n tó rí i, bẹ́ẹ̀ OpenSSL yìí ni àìmọye sáfà gbára lé fún ààbò. Kí kóòdù wà ní gbangba yàtọ̀ sí kí ẹnì kan jókòó kà á.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gba irinṣẹ́ kan wọlé, ẹ lọ wo ilé rẹ̀. Ẹ fi git clone gbé kóòdù rẹ̀ wálẹ̀, ẹ wọ inú fóldà náà, kẹ́ ẹ wá tẹ git shortlog -sn. Yóò to orúkọ gbogbo ẹni tó ti dá sí iṣẹ́ náà, pẹ̀lú iye ìgbà tí kálukú dá sí i. Tí orúkọ kan bá ní 2000, tí gbogbo àwọn yòókù kò sì ju 5 tàbí 6 lọ, ẹ ti mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ara ẹni yẹn kò bá yá, iṣẹ́ dúró. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o. Bram Moolenaar ló gbé Vim jáde ní 1991, òun ló sì ń darí rẹ̀ títí tó fi kú ní 2023. Àwọn tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ ló gbà á, Vim sì ń tẹ̀ síwájú. Irinṣẹ́ tí kò ní àrólé ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ tún wo ibi tí àwọn èèyàn ti ń fẹjọ́ àṣìṣe sùn: ṣé ẹnì kan ń dá wọn lóhùn, àbí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ sínú ihò?

Ẹ wo fáìlì LICENSE náà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò. Tí kò bá sí, ẹ má lo kóòdù yẹn nínú iṣẹ́ yín, torí kò sẹ́ni tó fún yín láṣẹ, bó tiẹ̀ wà ní gbangba. MIT, ọ̀kan lára àwọn ìwé àṣẹ wọ̀nyí, ní kẹ́ ẹ lò ó bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ ṣáà má yọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ìwé àṣẹ náà kúrò. GPL, òmíràn tí Linux fúnra rẹ̀ ń lò láti 1992, ní tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tẹ́ ẹ sì fún ẹlòmíì, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún rí kóòdù àtúnṣe yẹn. Ìwé àṣẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nìkan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ HashiCorp yí àṣẹ Terraform, irinṣẹ́ wọn tí a fi ń gbé sáfà kalẹ̀, padà ní oṣù Kẹjọ 2023, àwọn tó ń lò ó mú kóòdù àtẹ̀yìnwá, èyí tí wọ́n ti fi àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì sọ ọ́ di OpenTofu. Ọ̀nà àbájáde ti wà nílẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Ó ku lílò. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fẹ́ fi rsync ṣe àdàkọ fóldà iṣẹ́ mi sórí díìsìkì kan. Mo rí àṣẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo dà á kọ, mo fi orúkọ fóldà tèmi sí i, mo tẹ Enter. --delete wà nínú rẹ̀. Ohun tí --delete ń ṣe ni pé, ohunkóhun tó bá wà níbi tí à ń kó ẹrù lọ, tí kò sì sí níbi tí à ń kó o ti bọ̀, yóò pa á rẹ́. Mo ti gbé ibi méjèèjì fún ara wọn. Díìsìkì òfìfo ni mo fi ṣe orísun, fóldà iṣẹ́ mi ni mo fi ṣe ibi tí à ń lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Rsync kò ṣẹ̀ mí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú man rsync, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀, èmi ni n kò kà á. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi -n sí i ná:

rsync -avn --delete ise/ ipamo/

Yóò sọ gbogbo ohun tí òun fẹ́ ṣe fún yín, kò sì ní ṣe ìkankan. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ tó yọ n yẹn kúrò. Ẹ kíyè sí àmì / tó wà lẹ́yìn ise: tó bá wà níbẹ̀, ohun inú fóldà nìkan ló ń kó, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, fóldà náà fúnra rẹ̀ ló máa gbé. Bákan náà, tí irinṣẹ́ kan bá wà nínú àpótí sọ́fítíwià Debian tàbí Fedora yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ má kàn da ohun tí curl gbé wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú sudo bash, tó máa fi agbára alákòóso ẹ̀rọ ṣe é, láìkà á.

N kò tíì sọ bí àṣírí xz ṣe tú. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń tọ́jú dátà, ń dán nǹkan wò lórí ẹ̀rọ Debian rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024. Ó ṣàkíyèsí pé SSH ń jẹ agbára ẹ̀rọ (CPU) ju bó ṣe yẹ lọ, kódà tí orúkọ tí wọ́n fi fẹ́ wọlé kò bá sí. Ó wọn àkókò rẹ̀: tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 0.299 ni, ó ti di 0.807. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré! Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti SSH dé liblzma tó jẹ́ ti xz, ó ṣí kóòdù, ó sì já a. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, ó kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé: ohun tó rí, ẹ̀dà tó kàn, ohun tó tẹ̀, àti iye àkókò méjèèjì yẹn.

Bó ṣe kọ ọ́ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́yin náà máa kọ tiyín tí irinṣẹ́ kan bá ṣe ohun tí kò yé yín. Ẹ kọ ẹ̀dà rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ gan-an, ohun tó fi dá yín lóhùn, àti ohun tẹ́ ẹ ń retí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó máa kà á ti ṣe iṣẹ́ oòjọ́ tirẹ̀ tán, ó ti di alẹ́, kó tó jókòó ti ọ̀rọ̀ yín.