Bí a ṣe ń po magnetite oníwọ̀n nánómítà, àti ìdí tí kì í fi di òòfà mú

Ohun tí a fẹ́ pò lónìí ni magnetite, Fe3O4, àpòpọ̀ irin àti ọ́síjìn tí òòfà ń fà, tí hóró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 10 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mílímítà). Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti jígí ìdáàbòbò, kí ẹ sì wà lábẹ́ fume hood (àpótí tó ń fa èéfín jáde), torí amóníà ò mọ ojú.

Ẹ se omi dístíllì mílílítà 100 kí ọ́síjìn inú rẹ̀ lè jáde, ẹ dé e kó tutù. Ẹ wọn iyọ̀ irin méjì, FeCl3·6H2O gíráàmù 5.4 àti FeCl2·4H2O gíráàmù 2, sínú rẹ̀: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 0.02 mole (òṣùwọ̀n iye ẹyọ kẹ́míkà), ìkejì 0.01. Ìlọ́po méjì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Ẹ wo FeCl2 yín dáadáa. Bí àwọ̀ ewé rẹ̀ bá ti di rúsúrúsú, ọ́síjìn ti yí irin inú rẹ̀ padà, ìṣirò ti yẹ̀ nìyẹn, ẹ wá òmíràn.

Ẹ gbé e kaná dé 70°C, kí nàítírójìn máa hó nínú rẹ̀. Ẹ má fi stirrer olóòfà rò ó o! Ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́. Abẹ̀bẹ̀ oníke ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ wá da amóníà 25% mílílítà 15 sí i. Ojú ẹsẹ̀ ló máa dúdú. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà ẹ fi òòfà dì í mú nídìí bíkà, kí ẹ máa ṣan án títí pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó) á fi sún mọ́ 7.

Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ìgò: gbogbo dúdú yẹn á rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ mú un kúrò, ẹ mi ìgò: ó tú ká, ìyẹn ni pé agbára òòfà ò dúró lára rẹ̀. Ògidì òkúta magnetite tí a lọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró rẹ̀ á ṣì máa so mọ́ra wọn.

Hóró nánómítà 10 kéré débi pé kò lè pín sí domain (agbègbè tí òòfà inú rẹ̀ kọjú síbì kan náà) púpọ̀, òun lódidi ni òòfà kan. Ṣùgbọ́n agbára tó ń di òòfà yẹn mú síbi kan ń bá ìtóbi hóró lọ: bí fífẹ̀ rẹ̀ bá di ìdajì, agbára náà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ooru inú yàrá lásán á wá máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí kì í fi di òòfà mú. Louis Néel, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé èyí ní 1949. Bí hóró bá ju nǹkan bíi nánómítà 25 lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í di òòfà mú.

Bí tiyín ò bá tú ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn hóró ti ṣù pọ̀. Ẹ fi citric acid (ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́) bò wọ́n kí wọ́n tó gbẹ. Bó bá sì di àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń di maghemite, Fe2O3, ìyẹn ni pé ọ́síjìn ti ń yí i padà. Ẹ má dà á nù, òòfà ṣì ń fa ìyẹn náà.