Bí A Ṣe Ń Yẹ Láíbìrì Ohùn Ọ́kẹ́sírà Wò Kí A Tó Sanwó Rẹ̀

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀gá akọrin, onídùùrù ìjọ àti onísítúdíò ní Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Láíbìrì ni àkójọ ohùn ohun èlò ọ́kẹ́sírà tí a gbà sílẹ̀, tí a ń fi kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà mú dún. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí demo, ìyẹn orin àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ẹni tó mọ gbogbo ibi tí láíbìrì kù díẹ̀ káàtó sí ni ilé-iṣẹ́ máa ń gbé demo fún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Orin fíìmù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é: fayolíìnì tó ń fa ohùn gígùn, kàkàkí lókè, ìlù ńlá nísàlẹ̀. Orin ìjọ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní nóòtì tirẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tó lọ báyìí: s s s s m, s s s l s. Nóòtì àtúntẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni láíbìrì olówó pọ́ọ́kú ti máa ń tú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn olórin ló jókòó, tí wọ́n fi ohun èlò gidi ta nóòtì kọ̀ọ̀kan, tí a gbà á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gba nóòtì náà, ohùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, títí dé orí bí ọ̀pá fayolíìnì ṣe ha okùn. Tí ó bá yá kánkán, á máa dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Round robin ni wọ́n fi ń wò ó sàn: wọ́n á gba nóòtì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa yí i po.

Ẹ má kan ka iye rẹ̀ lójú ìwé ìpolówó, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ nóòtì kúkúrú 12 sínú ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà bíi Cubase, Reaper tàbí FL Studio, gbogbo wọn lórí ohùn kan, velocity (agbára ìtẹ̀) 80, ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín wọn. Ẹ pa reverb (ìró gbọ̀ngàn tí a fi kún un), kí máíkì kan ṣoṣo ṣẹ́kù. Ẹ sọ ọ́ di audio, ẹ gé e sí 12. Ẹ gbé ìkínní sórí tíráàkì kan, ẹ gbé èkejì sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì yí phase rẹ̀ padà, kí ìgbì ohùn rẹ̀ dorí kodò. Bó bá jẹ́ ohùn kan náà ni, wọn á pa ara wọn rẹ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, títí lọ. Tó bá jẹ́ pé ìkínní àti ìkarùn-ún ló kọ́kọ́ pa ara wọn rẹ́, mẹ́rin ni wọ́n gbà. Lójú tèmi, méjì kò tó fún staccato (nóòtì kúkúrú tó ń já) nínú orin Yorùbá rárá. Àmọ́ bí kò bá sí èyí tó pa ara wọn rẹ́, ẹ má tíì yọ̀: ó lè jẹ́ pé láíbìrì náà ń fọwọ́ kan ohùn díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Etí ni kí ẹ fi dá ìyẹn mọ̀.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló gba gbogbo nóòtì. Àwọn mìíràn á gba ẹyọ kan, wọ́n á fa á dé ìdajì ohùn mẹ́ta lókè. Ohùn tí a fà tó bẹ́ẹ̀ ń yára sí i ní nǹkan bíi ìdá 19 nínú 100, vibrato (ìgbọ̀n ohùn) inú rẹ̀ náà sì ń yára. Ẹ tẹ nóòtì lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ gòkè, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbọ̀n náà bá ń yára, ń yára, tó wá dẹ̀ lójijì, ẹ ti rí ojú ìrán rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mod wheel, kẹ̀kẹ́ kékeré ara kíbọ́ọ̀dù tó sábà máa ń darí agbára ohùn, láti 0 dé 127 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kàkàkí tó ń dún kíkan gbọ́dọ̀ mú sí i. Bó bá kàn ń pariwo láìmú, ipele agbára ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Nínú fèrè tó ń dá dún, ẹ lè gbọ́ fèrè méjì lójú ibi tí ipele méjì ti pàdé, torí pé ohùn méjì ló ń dún pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí kì í hàn lára ọ̀wọ́ fayolíìnì, nítorí wọ́n ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Legato, ìyẹn síso nóòtì pọ̀ láìjá, ń fìyà jẹ onídùùrù tó ń tẹ̀ ẹ́ níwájú ìjọ. Ìrìn láti nóòtì kan sí òmíràn ń gba àkókò. Bó bá gba 250 milliseconds nínú orin 120 BPM (bíìtì 120 ní ìṣẹ́jú kan), tí bíìtì kan jẹ́ 500 milliseconds, ìdajì bíìtì ni fayolíìnì fi ń pẹ́ lẹ́yìn ìlù. Nínú sítúdíò, ẹ lè fi track delay mú kó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò rẹ̀. Lórí pẹpẹ, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i.

Ẹ tún wo gbọ̀ngàn tí wọ́n ti gbà á. Sítúdíò Maida Vale ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé-iṣẹ́ Spitfire Audio ti gba láíbìrì BBC Symphony Orchestra, ohùn ilé yẹn sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi dùndún tí ẹ gbà nínú yàrá kékeré lé e, ìlù á wà létí, fayolíìnì á wà lọ́nà jíjìn. Ó rọrùn láti fi gbọ̀ngàn kún ohùn. Yíyọ ọ́ kúrò ni kò rọrùn. Ẹni tó ń fi ìlù ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, kó wá èyí tí máíkì itòsí rẹ̀ dá dúró.

Ní ti kọ̀ǹpútà: stereo 24-bit, 48 kHz, ń jẹ 288 KB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nóòtì 40, ipele mẹ́ta, ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 340 MB. Bí wọ́n bá fi máíkì mẹ́ta gbà á, ó ti ju GB kan lọ, fún irú ìtẹ̀ ẹyọ kan péré. Ìdí nìyí tí player (ètò tó ń mú láíbìrì dún) fi ń kó ìbẹ̀rẹ̀ ohùn nìkan sí RAM, tó ń ka ìyókù láti inú dísíìkì. Dísíìkì àtijọ́ tó ń yí kì í bá a, ohùn á máa já. SSD ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi ìdánwò wọ̀nyí yẹ àwọn ọ̀fẹ́ wò kí etí yín lè mọ́ ọn: BBC Symphony Orchestra Discover, tí kò ju nǹkan bíi 200 MB lọ, àti VSCO 2 Community Edition, tó ń ṣiṣẹ́ nínú player ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ sfizz. Tó bá sì kan láíbìrì tí a ṣe fún Kontakt, player mìíràn, ẹ bèèrè bóyá Kontakt Player ọ̀fẹ́ gbà á. Èyí tó bá nílò Kontakt kíkún á ṣí nínú Player lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, á dákẹ́.