Ìgbóná Omi, Ẹja Halibut àti Àwa Tí A Ń Pẹja ní Èkó

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ wá láti Mákòkó, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Akọka níbí, mo kí yín. Ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò sí nínú omi wa, ṣùgbọ́n ó fara jọ abo tí ẹ mọ̀ dáadáa: ó rí pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìsàlẹ̀ omi ni ó sì máa ń sùn sí. Halibut ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó tóbi jù nínú wọn sì máa ń wọ̀n ju 200 kílò lọ.

Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń gbóná tó. Bí omi bá tutù jù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, kì í sì í sáré sí ìdẹ. Bí ó bá gbóná jù, ara rẹ̀ a máa béèrè ọ́síjìn púpọ̀ sí i, nígbà tí ọ́síjìn inú omi sì ń dín kù. Omi tí kò níyọ̀ lè gba bíi mílígíráàmù 11 ọ́síjìn nínú lítà kan ní 10°C, ṣùgbọ́n ní 30°C, kò lè gbà tó 8.

Omi tó wà láàárín 3°C sí 8°C ni halibut Pàsífíìkì fẹ́ràn jù. Ní ìgbà òtútù, àwọn àgbà rẹ̀ máa ń lọ yé ẹyin sínú ibú. Nígbà tí ooru bá dé, wọ́n á padà wá jẹun níbi tí omi kò ti jìn, ìgbà yẹn sì ni àwọn apẹja ìlú Homer ní Alaska, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, máa ń wá wọn kiri nínú ìyawọ́ omi òkun tí wọ́n ń pè ní Kachemak Bay. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé ojú omi ni wọ́n ń fi ọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ oòrùn lè ti yá ojú omi kí ìsàlẹ̀ tí ẹja wà ṣì tutù.

Ìgbóná tó bá pẹ́ lè ba gbogbo iṣẹ́ ẹja jẹ́. Láti 2014 sí 2016, omi òkun ẹkùn Alaska náà gbóná kọjá ààlà, ẹja kọ́ọ̀dù ibẹ̀, ìbátan èyí tí wọ́n ń sá gbẹ ní Norway tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé wa, sì kú lọ́pọ̀ yanturu, débi pé wọ́n ti ìpẹja rẹ̀ pa nínú omi ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2020. Ó dùn mí, torí pé owó oúnjẹ àwọn ìdílé ni ó bá a lọ.

Ní ìhà tiwa, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Ó lágbára jù ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, níbi tí omi ti máa ń tutù ju 25°C lọ, oúnjẹ tí ó gbé wá sì máa ń fa ṣáwá wá sí tòsí.

Ẹ jẹ́ kí a máa wọn ìgbóná ìsàlẹ̀ omi. Ẹ so òjé mọ́ ìgò, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ so òmíràn mọ́ ìdérí rẹ̀, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan ilẹ̀, ẹ fa ìdérí náà yọ, ẹ dúró kí ìgò kún, ẹ yára fà á sókè, kí ẹ sì ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.