Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Eyín Ń Yọ Lẹ́nu Ọmọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyálọ́mọ. Agbẹ̀bí ni mí, ó sì ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń gbẹ̀bí tí mo sì ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù lọ ni pé, "Mọ́mì, ṣé eyín ló ń da ọmọ yìí láàmú?" Ọmọ-ọmọ mi ló wà lórí itan mi yìí, ó pé oṣù 7 lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ wo àgbọ̀n rẹ̀. Itọ́ ti rin aṣọ rẹ̀ dé àyà, ara àgbọ̀n náà sì ti pọ́n nítorí pé ibẹ̀ kì í gbẹ. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ó máa ń sunkún lóru, ó sì máa ń fa etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi itọ́ nìkan dájọ́, nítorí láti bí oṣù 3 ni itọ́ ọmọ ti ń pọ̀ sí i, kódà bí eyín kò tíì sún mọ́ rárá.

Ọwọ́ ló ń sọ òótọ́. Ẹ gé èékánná, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ wá rọra fi ìka tẹ èrìgì ìsàlẹ̀ níwájú, nítorí eyín méjì àárín ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, ní nǹkan bí oṣù 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹlòmíràn lè yá sí oṣù 4 tàbí kó pẹ́ tó ọdún 1. Ibi tí eyín ti sún mọ́ á wú, á sì le bí ẹni pé hóró ìrẹsì wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti là jáde, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ ọ? Kín! Ìyá mi ló kọ́ mi ní èyí, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí.

Èyí tó ń dùn mí wọra ni ọ̀rọ̀ "ìgbẹ́ eyín". Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá mi lẹ́yìn ọjọ́ 4 tó ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn, ojú rẹ̀ sì ti wọnú, wọn kò sì tètè gbé e wá nítorí pé àwọn aládùúgbò sọ pé eyín ló fà á. Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í sì í fa ibà. Ní oṣù 6, ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ ti ń dín kù, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògì, gbogbo ìdọ̀tí ilẹ̀ sì ń bá ọwọ́ wọ ẹnu rẹ̀; ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé. Bí tẹmọ́mítà bá ti pé 38, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni.

Fún ìrora, aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi tútù rin ti tó kó máa jẹ. Ẹni tó béèrè nípa oògùn eyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á: láti ìparí ọdún 2008, irú oògùn olómi bẹ́ẹ̀ kan pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, nítorí pé kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wà nínú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Ó ti ń wá ọmú. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún ìyá rẹ̀.