Mogyoród, Lẹ́yìn Ariwo Ọkọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Bí àwọn ará ilé bá bi mí pé apá ibo ni mo ń gbé ní Húńgárì, Budapest ni mo máa ń dá wọn lóhùn, torí pé àlàyé Mogyoród máa ń gùn. Ìlú kékeré ni, ní ìlà-oòrùn àríwá Budapest, ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ ewé, HÉV, ní ibùdókọ̀ Örs vezér tere ní Budapest kò ní pẹ́ débẹ̀.

Hungaroring, pápá ìje ọkọ̀ Formula One, ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí níbẹ̀, nígbà tí ìjọba Kọ́múnísì ṣì wà lórí oyè, Nelson Piquet ọmọ Bràsíl ló sì gbégbá orókè. Lọ́jọ́ ìje, gíláàsì fèrèsé mi máa ń gbọ̀n, bàbá àgbàlagbà tó múlé gbè mí, tó máa ń fún mi ní àjàrà láti inú ọgbà rẹ̀, á sì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àlejò kì í gbọ́ nípa ogun tí wọ́n jà níbí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1074. Ìjà oyè ọba Húńgárì ni. Béla fi agbára gba adé lọ́wọ́ András ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1060. Ìwé ìtàn àtijọ́ sọ pé ìtẹ́ ló wó mọ́ Béla náà ní ọdún 1063, tó sì kú, ni Salamon ọmọ András bá jọba pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn ará Jámánì. Géza àti László, àwọn ọmọ Béla, kọ́kọ́ gbà fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ọ̀gbagadè, Mogyoród ni wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ọmọ ọba nílẹ̀ wa ṣe ń wọ́ ara wọn lọ sílé ẹjọ́ kò nílò ògbufọ̀ kankan.

Ìlú Gödöllő ni ọkọ̀ ojú irin HÉV náà ń parí ìrìn sí. Ààfin Grassalkovich tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ta Ọba Franz Joseph àti Elisabeth aya rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tí wọ́n dé wọn ládé Húńgárì ní ọdún 1867. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Soviet fi apá kan ṣe bárékè, apá mìíràn sì di ilé àwọn arúgbó. Yàrá ọba ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá wò. Ní tèmi, ìtàn àwọn arúgbó yẹn ni ì bá wù mí láti gbọ́.

Ẹni tó bá ń bọ̀, kó wá ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àjàrà bá pọ́n tí ìje sì ti kásẹ̀ nílẹ̀.